Kí ló kan mínírà kan àlùmọ́nì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ọmọ mi tó wà ní JSS 2 fẹ́ da orí mi rú. Tíṣà wọn ní mineral ni àlùmọ́nì tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, bíi bítúmẹ̀nì Agbabu, ló bá ń bi mí pé ṣé ọ̀dà ni wọ́n ń rọ sínú Fáńtà tá a fi ń pè é ní mínírà. Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ gbà mí o. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ bá mi fún ọmọ yẹn ní Fáńtà kan, ó gbọ́n. Kò sí ọ̀dà níbẹ̀, omi, ṣúgà, gáàsì àti nǹkan amóhun-ta-sánsán ni, àmọ́ orúkọ méjèèjì, ọ̀kan náà ni. Láyé àtijọ́ àwọn Òyìnbó máa ń mu omi ìsun kan tó ń ti inú àpáta jáde, àlùmọ́nì ilẹ̀ ti yòrò sínú ẹ̀, òmíràn á tún máa hó ṣùùù fúnra ẹ̀, wọ́n gbà pé oògùn ni. (Ẹ rántí Ìkògòsì tó wà lábẹ́ Oǹdó wa kí wọ́n tó yọ Èkìtì lọ ní 1996, tiẹ̀ gbóná ni, tiwọn ní gáàsì.) Mineral water ni wọ́n ń pe omi yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀ jìn, làwọn kan bá ní àwọn á ṣe ayédèrú ẹ̀.

Ibi tó dùn nínú ọ̀rọ̀ náà rèé. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìpọntí ni Joseph Priestley, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ń gbé ní Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1767, ó rí i pé afẹ́fẹ́ kan máa ń dúró lórí àgbá bíà tó ń hó, ló bá gbé omi kọ́ sókè àgbá yẹn, ìgbà tó máa tọ́ ọ wò, omi ń ta á lẹ́nu! Ẹ ẹ̀ wá rí i pé àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò tó ń pè é ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi, ara ọtí ló ti wá lóòótọ́. Ní 1783 ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jacob Schweppe bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú omi yẹn ní Geneva, ní Switzerland, nígbà tó yá wọ́n fi ṣúgà àti ọsàn sí i, àlùmọ́nì lọ, orúkọ ò lọ. Àwọn Irish ṣì ń pè é ní minerals títí dòní, ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì làwa náà ti mú tiwa.

Amẹ́ríkà ní tiwọn ń pè é ní soda, àwọn mìíràn ní pop, ìyẹn ìró tí kọ́ọ̀kì ń dún tí wọ́n bá fà á yọ, lápá gúúsù wọn sì rèé, gbogbo ẹ̀ ni coke, bí àwa náà ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun ní Omo.

Mọ́ọ̀tì ńkọ́? Òun náà ní gáàsì, ó ń hó, àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í pè é ní mínírà, àgbà ni tiẹ̀. Níbi òkú kan ní Ìjàpọ̀ lọ́jọ́sí, ọmọ tó ń pín nǹkan mímu dé tábìlì wa, ó wò mí látòkè délẹ̀, "Dádì, mínírà kù o." Mọ́ọ̀tì wà lọ́wọ́ ẹ̀, mo rí i.