Mo fẹ́ ri òpó ọgbà mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé mi ní Amẹ́ríkà. Kí ni kí n ṣe tí mi ò fi ní gbẹ́ ilẹ̀ kan páìpù gáàsì?

Ẹ pe 811, nọ́ńbà tẹlifóònù tí wọ́n ń pè ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀, kí ṣọ́bìrì tó kan ilẹ̀, ì báà jẹ́ ihò kan ṣoṣo. Ọ̀fẹ́ ni. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹ ní láti pè ní ọjọ́ iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ni páìpù àti wáyà abẹ́ ilẹ̀ á wá fi ọ̀dà sàmì sílẹ̀: yẹ́lò ni ti gáàsì, pupa ni ti iná mànàmáná.

Àmì yẹn kì í sọ bí páìpù ṣe jìn tó, páìpù sì lè yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà. Nítorí náà, láàárín ínǹṣì 24 sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, ẹ rọra fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ. Ẹ má gbé ẹ̀rọ débẹ̀ rárá. Èyí tó sì ń bà mí lẹ́rù jù: páìpù tó kọjá mítà tó ń ka gáàsì ilé lọ síbi ìdáná ìta, onílé ló sábà máa ń ni ín, wọn kì í sì í sàmì sí i. Ẹ háyà ẹni tó ń fi ẹ̀rọ wá irú ẹ̀.

Bí ṣọ́bìrì bá ha páìpù lásán, ẹ má bò ó. Ẹ pe ilé iṣẹ́ gáàsì. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́, gáàsì ló ń jò yẹn: ẹ kó ará ilé jáde, ẹ má fọwọ́ kan swíìṣì kankan, ẹ má gbìyànjú láti dí páìpù náà. Ẹ jìnnà dáadáa kí ẹ tó pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì.