Ewéko ti hù lórí ilẹ̀ ìwakùsà: ṣé ó ti tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilẹ̀ tí wọ́n ti wa èédú ní Amẹ́ríkà ni a ń tún ṣe. Òṣùwọ̀n tí ìjọba fọwọ́ sí fún wa ni pé kí ewéko bo ìdá 60 nínú 100 ilẹ̀ náà. A ta okùn síbi 15, a sì wo ojú 50 lórí okùn kọ̀ọ̀kan bóyá ewéko wà níbẹ̀. Ìpíndọ́gba jẹ́ 57, standard deviation (bí èsì okùn kan ṣe ń yàtọ̀ sí ti èkejì) jẹ́ 12. Ọ̀gá mi ní a ti yege, aṣojú ìjọba ní ó di ìgbà tí a bá fi ẹ̀rí hàn. Ta ló jàre?

Ìdáhùn: Ó dá lórí ẹni tí ẹrù ẹ̀rí wà lórí rẹ̀.

Ìlànà tó wà lábẹ́ SMCRA, òfin ìwakùsà èédú ti 1977, kò ní kí ẹ kan 60 gan-an. Ó ní kí ẹ má dín sí ìdá 90 nínú 100 òṣùwọ̀n yín, ìyẹn 54, kí ìdánilójú ìṣirò sì jẹ́ 90 nínú 100, lápá kan (ìyẹn ni pé apá kan òṣùwọ̀n náà ṣoṣo là ń yẹ̀ wò, kì í ṣe òkè àti ìsàlẹ̀). Bí a bá bẹ̀rẹ̀ látorí pé ilẹ̀ náà ti dára, àfi bí wọ́n bá fi hàn pé kò dára, 57 ju 54 lọ, ọ̀gá yín jàre. Àmọ́ ẹ wo ewu tó wà níbẹ̀: lọ́nà yìí, bí ẹ bá ṣe wọn ilẹ̀ kéré tó ni yóò ṣe ṣòro tó láti mú yín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè pé kí iye okùn tó kan pàtó kí wọ́n tó gbà á.

Aṣojú ìjọba yí i padà: ilẹ̀ kò tíì dára, àfi bí ẹ bá fi hàn. Ẹ pín 12 sí square root 15, ó jẹ́ 3.1, ìyẹn bí ìpíndọ́gba yín ṣe lè ṣìnà tó. Ìyàtọ̀ 57 sí 54 jẹ́ 3. Ẹ pín in sí 3.1, ẹ rí 0.97. Nínú tábìlì t, tí àwọn oníṣirò fi ń mọ ẹnu ọ̀nà tó yẹ kí èsì kọjá, 1.345 lẹ ní láti kọjá fún okùn 15. Ẹ kò yege. Ká ní okùn 30 ni, tí ìpíndọ́gba àti standard deviation kò yí padà, 1.37 lẹ máa rí, 1.311 ni ẹnu ọ̀nà, ẹ ti wọlé. Èmi fara mọ́ ọ̀nà yìí, nítorí ẹni tó bá ṣiṣẹ́ púpọ̀ ló ń jèrè rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé àyẹ̀wò 750 lẹ ní torí pé 15 lọ́nà 50 jẹ́ 750. Mo ti rí i nínú ìwé ìròyìn iṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ojú 50 tó wà lórí okùn kan, ará ilé kan náà ni wọ́n. Ẹni tó ka ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò tíì di ọlọ́mọ mẹ́wàá. 15 lẹ ní.

Ẹ má sì ta okùn márùn-ún kún un, kẹ́ ẹ wò ó, kẹ́ ẹ tún ta márùn-ún, títí yóò fi yege. Ẹni tó bá ń gbìyànjú bẹ́ẹ̀ lè ṣèèṣì yege lọ́jọ́ kan bí ilẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì dára. Ẹ fi ti ọdún yìí mọ bí ilẹ̀ náà ṣe ń yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, ẹ pinnu iye okùn kẹ́ ẹ tó lọ sóko ní àsìkò tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ sì wọn gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun. Kọ̀ǹpútà ni kó yan ibi tí okùn yóò bọ́ sí, kì í ṣe ojú yín. Bó bá bọ́ sórí òkúta lásán tí koríko kankan kò sí, ẹ kọ òdo sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì lọ síbi tó kàn.