Ìwé ilé-ẹjọ́ ológun Amẹ́ríkà dé bá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Ìbéèrè: Nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi ní Houston lọ́dún tó kọjá, ojú àwa méjèèjì ni sójà kan ṣe lu ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ti wá fún àbúrò mi níwèé pé kó wá jẹ́rìí níwájú ilé-ẹjọ́ ológun, irú ìwé kan náà tó ní orúkọ mi sì wọlé sórí fóònù mi níbí ní Òkè-Agbò. A kì í ṣe sójà. Ṣé ó dè wá?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn, Mà. Ọ̀rọ̀ inú ìwé méjèèjì lè jẹ́ ọ̀kan náà, àmọ́ ibi tí kálukú yín wà ló ń sọ bí ó ṣe lágbára tó.

Abala 46 nínú òfin àwọn ológun Amẹ́ríkà fún ilé-ẹjọ́ wọn láṣẹ láti pe aráàlú wá jẹ́rìí, níbi yòówù kó wà lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nítorí náà, kí àbúrò yín má ki tirẹ̀ bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Bí wọ́n bá ti fi lé e lọ́wọ́ bó ṣe yẹ, tí wọ́n sì pèsè owó ẹlẹ́rìí, tí í ṣe dọ́là 40 lóòjọ́, pẹ̀lú owó ọkọ̀, tí ó wá mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti yọjú, ó ti ṣẹ̀ sí abala 47. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé àwọn sójà kọ́ ni yóò dá ẹjọ́ kíkọ̀ yẹn. Agbẹjọ́rò ìjọba ni wọn yóò fà á lé lọ́wọ́, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ tí í ṣe ti aráàlú ni yóò sì bu owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n fún un. Ṣùgbọ́n adájọ́ ológun fúnra rẹ̀ lè fọwọ́ sí wọ́ránti pé kí wọ́n lọ mú un wá. Bí ìpè náà bá ni ín lára ju bó ṣe yẹ lọ, kó tètè kọ̀wé sí adájọ́ náà kí ọjọ́ tó pé, kó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ní ti yín, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí ẹ sì wà nílé, ìwé náà kò lè fi tipátipá mú yín kúrò ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ̀bẹ̀ ló jẹ́ lọ́dọ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́ ran obìnrin náà lọ́wọ́, èyí tí èmi ì bá ṣe, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ má pe nọ́ńbà tó wà nínú ìwé orí fóònù yẹn. Ẹ ní kí àbúrò yín wá nọ́ńbà ọ́fíìsì amòfin ní bárékè sójà náà fúnra rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ló ń sanwó fún ẹlẹ́rìí: bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù fún òun, oníjìbìtì ni.