Ẹ Fún Server Yín Ní Agboolé Tirẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní àdúgbò Under-G, nítòsí LAUTECH, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Mo ra server tòkunbọ̀ kan, mo gbé Proxmox, ètò tí a fi ń dá kọ̀ǹpútà sínú kọ̀ǹpútà, sí i, mo sì dá kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà mẹ́ta sórí rẹ̀: ọ̀kan fún fáìlì àwọn oníbàárà, ọ̀kan fún ìwé owó, ọ̀kan fún èsì ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ méjì tí mo ń bá ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì ló ń dà mí láàmú. Èkíní ni pé bí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n sì dá a padà, àdírẹ́sì àwọn kọ̀ǹpútà mẹ́ta yìí a máa yí padà, n ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri. Èkejì ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá tẹ iṣẹ́ àṣekágbá, tó wà lórí Wi-Fi wa, fi ojú ìwé ìwọlé server mi hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ẹnì kan ní kí n lọ ra àdírẹ́sì IP, ẹlòmíràn ní VLAN ni kí n ṣe. Router mi lè ṣe VLAN, mo sì ní switch oníhò mẹ́jọ tó ní ojú ìwé ètò. Báwo ni kí n ṣe tò ó?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó, ọ̀gá wa. Oore ni akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ṣe fún yín, nítorí ẹlòmíràn ì bá rí i kó sì dákẹ́. Ẹ má ra àdírẹ́sì kankan. Àdírẹ́sì tí wọ́n ń tà ni èyí tí gbogbo ayé lè rí, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ẹ ń fẹ́ ni kí ojú tó ń rí server yín dín kù. Láti ọdún 1996 ni àwọn tó ń ṣètò íntánẹ́ẹ̀tì ti ya ọ̀wọ́ nọ́mbà mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé, tí ẹnikẹ́ni lè mú lọ́fẹ̀ẹ́ láìtọrọ àyè: gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, èyí tó wà láti 172.16 dé 172.31, àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168. Inú wọn ni kí ẹ ti mú.

Bí àlejò bá wọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń wá ènìyàn, agboolé ni yóò kọ́kọ́ béèrè kí ó tó béèrè ojúlé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àdírẹ́sì IP rí. Nọ́mbà mẹ́rin ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà láàárín 0 àti 255, àmì /24 tí ẹ ń rí lẹ́yìn rẹ̀ sì ń sọ pé nọ́mbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni agboolé, tí ìkẹyìn sì jẹ́ ojúlé. Ojúlé 254 ló ṣeé gbé nínú irú agboolé bẹ́ẹ̀, nítorí 0 ni orúkọ agboolé fúnra rẹ̀, 255 sì ni agogo tí a fi ń pe gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní báyìí, agboolé kan ṣoṣo ni ẹ ní, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà sì ni server, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, òṣìṣẹ́ àti fóònù gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọlé jọ ń sùn.

Ti àdírẹ́sì tó ń yí padà kò le. Router yín ló ń pín àdírẹ́sì fún ẹni tó bá béèrè, bí ẹni ń pín nọ́mbà fún èrò ní ọ́fíìsì dókítà, iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní DHCP. Ọ̀pọ̀ router kékeré kì í kọ àkọsílẹ̀ yìí síbi tí yóò wà lẹ́yìn tí iná bá lọ. Bí iná bá dé, tí gbogbo ẹ̀rọ jí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ ni yóò gba nọ́mbà àkọ́kọ́. Fóònù lè pàdé ìpín rẹ̀ ní ibikíbi, kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń wá kò gbọdọ̀ máa ṣí kiri. Ẹ kọ àdírẹ́sì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ̀ǹpútà mẹ́ta náà fúnra yín, kí ẹ sì rí i dájú pé kò sí nínú àwọn nọ́mbà tí router ń pín. Bí ẹ kò bá ṣe èyí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí router yóò fún fóònù oníbàárà ní nọ́mbà ìwé owó yín, tí àwọn méjèèjì yóò sì máa jà sí i.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ mú bébà. Èmi ò mọ ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ yìí láìkọ ọ́ sílẹ̀ tí kò padà wá béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé kí ni 10.20.40.12 tún jẹ́. Agboolé mẹ́rin ni màá pín fún yín. VLAN ni ọ̀nà tí a fi ń ya agboolé wọ̀nyí sọ́tọ̀ lórí switch kan náà, màá sì jẹ́ kí nọ́mbà kẹta nínú àdírẹ́sì bá nọ́mbà VLAN mu, kí ẹni tó bá rí ọ̀kan lè mọ èkejì. VLAN 10 ni ìyẹ̀wù baálé, níbi tí a ti ń ṣàkóso server, switch àti router, 10.20.10.0/24 ni tirẹ̀. VLAN 20 ni ti òṣìṣẹ́ àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, VLAN 30 ni ti oníbàárà orí Wi-Fi, VLAN 40 sì ni ti kọ̀ǹpútà mẹ́ta inú server. Nínú gbogbo wọn, ojúlé 1 ni ti router. Láti 2 dé 49 ni kí ẹ máa fọwọ́ ara yín pín, kí router máa pín 100 dé 199. Mo yẹra fún 192.168.0 àti 192.168.1 nítorí pé wọ́n pọ̀ jù nínú router tí à ń rà lọ́jà. Bí ilé yín náà bá ń lo ọ̀kan nínú wọn, lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ti ilé wọ ṣọ́ọ̀bù, kọ̀ǹpútà kò ní mọ èwo nínú agboolé méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ni ẹ ń wá.

VLAN fúnra rẹ̀ kò ju àmì lọ. Báìtì 4 ni switch ń fi kún orí ọ̀kọ̀ọ̀kan ìdì dátà, nínú wọn ni nọ́mbà agboolé wà, láti 1 dé 4094, bí àbàjà àti pélé ayé àtijọ́ ṣe ń sọ ìdílé ẹni kí ènìyàn tó lanu. Ó yàtọ̀ sí ilà ojú ní ti pé switch lè pa á rẹ́ nígbà tó bá ń fi ìdì náà lé ẹ̀rọ tí kò mọ̀ nípa VLAN lọ́wọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín kò sì ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọlà fún òun rí.

Lórí switch, ihò 1 ni kí wáyà router wọ̀, kí ó gbé VLAN mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú àmì wọn. Ihò 2 ni ti server, VLAN 10 àti 40 nìkan ni kí ó gbé, pẹ̀lú àmì. Ihò 3 ni ti ẹ̀rọ Wi-Fi oníbàárà, VLAN 30 láìní àmì. Ihò 4, 5 àti 6 ni ti òṣìṣẹ́ àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, VLAN 20 láìní àmì. Ihò 8 ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà alágbèéká yín nìkan, VLAN 10 láìní àmì, kí ẹ sì pa ihò 7. Ibi kan wà tó máa ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lórí àwọn switch olówó pọ́ọ́kú, pé ẹ fi ihò 3 sínú VLAN 30 kò tó. Ojú ìwé mìíràn wà tí wọ́n kọ PVID sí, ibẹ̀ ni a ti ń sọ agboolé tí ohun tó bá wọlé láìní àmì yóò lọ, 1 ló sì wà níbẹ̀ látilẹ̀. Bí ẹ kò bá yí i sí 30, ohun tó ń jáde sí fóònù yóò gba inú VLAN 30, ohun tó ń ti fóònù wọlé yóò sì já sínú VLAN 1, ẹ ó wá máa rò pé wáyà ló bàjẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ gbogbo ihò wọ̀nyí kúrò nínú VLAN 1.

Lórí server, fáìlì /etc/network/interfaces ni ẹ óò ṣí. Ẹ da ẹ̀dà rẹ̀ kọ ná. Bí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín bá ń jẹ́ eno1, bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyí:

auto lo
iface lo inet loopback

auto eno1
iface eno1 inet manual

auto vmbr0
iface vmbr0 inet manual
    bridge-ports eno1
    bridge-stp off
    bridge-fd 0
    bridge-vlan-aware yes
    bridge-vids 2-4094

auto vmbr0.10
iface vmbr0.10 inet static
    address 10.20.10.5/24
    gateway 10.20.10.1

Ẹ wò ó pé vmbr0 fúnra rẹ̀ kò ní àdírẹ́sì mọ́. Afárá ni, ó sì mọ VLAN, vmbr0.10 ló gbé àdírẹ́sì tí ẹ óò máa fi ṣàkóso. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀rọ̀ gateway, ìyẹn router tí server yóò gbà jáde, gbọdọ̀ farahàn nínú fáìlì náà. Ẹ yí àdírẹ́sì inú /etc/hosts padà pẹ̀lú, nítorí Proxmox ń wo ibẹ̀ láti mọ ara rẹ̀, kí ẹ tó pàṣẹ ifreload -a tí yóò mú ètò tuntun náà ṣiṣẹ́. Fún kọ̀ǹpútà mẹ́ta inú rẹ̀, ẹ lọ sí ibi káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ 40 sí àyè VLAN Tag, kí ẹ sì fún wọn ní 10.20.40.11, 12 àti 13 láti inú.

Ẹ jọ̀ọ́, iwájú server ni kí ẹ ti ṣe èyí, pẹ̀lú kíbọọ̀dù àti ojú kọ̀ǹpútà tó so mọ́ ọn. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí jókòó sí Ògbómọ̀ṣọ́ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, mo ń tún server ìjọ kan tó wà ní Ọ̀yọ́ ṣe. Mo kọ VLAN 10 sí server, mo gbàgbé pé mi ò tíì kọ ọ́ sí ihò switch, mo tẹ bọ́tìnì, ojú ìwé náà sì dúró sójú kan. Mo dúró dé ìṣẹ́jú kan, mo dúró dé márùn-ún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, tí mo ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì, tí àwọn akọrin sì ń wò mí bí ẹni tó wá gbé ẹ̀rọ lọ.

Ó ku ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò pé àwọn ti parí iṣẹ́. VLAN ni ògiri, ṣùgbọ́n router ló ni ilẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ router sì ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ látilẹ̀, tí ohun tó bá ti inú VLAN 30 béèrè ọ̀nà VLAN 10 yóò gbà á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yín yóò tún rí ojú ìwé náà ni. Nínú òfin ààbò router, ẹ kọ́kọ́ ti gbogbo ọ̀nà láàárín agboolé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa, kí ẹ wá ṣí èyí tí ẹ nílò. VLAN 10 lè dé ibi gbogbo. VLAN 20 lè dé VLAN 40. VLAN 30 lè dé íntánẹ́ẹ̀tì, àti 10.20.40.11 tó ni fáìlì oníbàárà, lórí port 443, ẹnu ọ̀nà tí https ń gbà, nìkan. Ẹ má gbàgbé pé router fúnra rẹ̀ wà nínú VLAN 30 pẹ̀lú ojúlé 1: DHCP àti DNS, tó ń túmọ̀ orúkọ ìkànnì sí àdírẹ́sì, nìkan ni kí oníbàárà lè bá a sọ, kí ojú ìwé ètò rẹ̀ má ṣí fún wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóònù yín sórí Wi-Fi oníbàárà, ẹ kọ https://10.20.10.5:8006 síbi àdírẹ́sì. Bí ojú ìwé bá ṣí, òfin yín ṣì jò. Ẹ wá pa iná gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ẹ tàn án padà, kí ẹ wò ó bóyá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sí ojúlé wọn.

ÌBÉÈRÈ: Láti Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kọ̀wé. Switch tèmi kò ní ojú ìwé ètò kankan, wáyà la kàn ń kì bọ̀ ọ́. Ṣé VLAN lè gba inú rẹ̀ kọjá?

ÌDÁHÙN: Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò gbé ìdì tó ní àmì kọjá láìfọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n kò mọ ìtumọ̀ àmì náà, nítorí náà kò lè ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ki wáyà bọ ihò rẹ̀, tó sì kọ nọ́mbà VLAN tó wù ú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ti wọlé nìyẹn. Ẹ lè lò ó lẹ́yìn ihò kan tó jẹ́ ti agboolé kan ṣoṣo, bíi ti òṣìṣẹ́. Ẹ má fi sí àárín router àti server.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ máa ti ilé wọ server mi tó wà ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti ṣí port 8006 lórí router bí wọ́n ṣe kọ́ mi, síbẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Àdírẹ́sì tí mo rí níta router bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100.72.

ÌDÁHÙN: Ẹ dúpẹ́ pé kò ṣiṣẹ́, kí ẹ sì ti port yẹn pa lónìí. Kò yẹ kí ojú ìwé ìṣàkóso server wà níta gbangba fún ẹnikẹ́ni láti máa kan ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ní ti ìdí rẹ̀, ohun tó bá wà láti 100.64 dé 100.127 jẹ́ ti àjọlò: ilé iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sẹ́yìn àdírẹ́sì gbangba kan ṣoṣo, ọ̀nà tí ẹ ṣí lórí router yín kò sì lè jáde kọjá ẹnubodè tiwọn. Ẹ háyà server kékeré kan tó ní àdírẹ́sì gbangba, ẹ gbé WireGuard, ètò tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàárín àwọn kọ̀ǹpútà, sórí rẹ̀, kí server Sábó jẹ́ ẹni tí yóò máa pè é láti inú, nítorí pé ìjáde kò sòro, ìwọlé ni wọ́n dí. Ẹ kọ PersistentKeepalive = 25 sí ti Sábó, kí ọ̀nà náà má pa dé nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ilé yín náà yóò pe server tí ẹ háyà yìí, ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì yóò ti pàdé.