Ó Ti Dé Láti Inú Igbó, Ṣùgbọ́n Kò Sùn
Ìbéèrè: Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 16, sọnù sínú igbó fún ọjọ́ 9. Látìgbà tó ti dé, ó ń kó oúnjẹ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, kì í sì í sùn dáadáa. Ṣé orí rẹ̀ ti dàrú ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ara rẹ̀ ni kò tíì gbà pé ewu ti kọjá. Ẹ má kó oúnjẹ yẹn dànù. Ẹ fún un ní agolo onídèérí tí oúnjẹ gbígbẹ wà nínú rẹ̀, kó máa rí i pé kò tán. Lóru, ẹ pe orúkọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí ó lè ta gìrì. Ẹ má fipá bi í léèrè. Ẹ jẹ́ kó máa dá ìpinnu ṣe, ó ti tó bẹ́ẹ̀. Bí àìsùn náà bá kọjá oṣù kan, ẹ mú un lọ rí dókítà.