Ẹ Bi Àǹtí Aláṣọ: Oòrùn Las Vegas àti kọ́sẹ́ẹ̀tì ankara

Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀ o, ó jọ pé gbogbo yín lẹ ti gba fíísà tán, èmi nìkan ló kù ní Iléṣà tí mò ń jókòó ti máṣíìnì. Kò burú. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó kọ̀wé láti Ifẹ̀, torí tiẹ̀ ló gùn jù, òun náà ló sì bà mí lẹ́rù jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà, Àǹtí Aláṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà l'Amẹ́ríkà fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí 40, ó ní Las Vegas ni kí àwa ọmọ ìyá mẹ́ta ti pàdé lóṣù keje, ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Wọ́n ní oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mo wo aṣọ tí wọ́n ní kéèyàn wọ lọ, àwọn òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ ló wọ̀ ọ́, èmi dúdú, mo sì ní ìdí dáadáa. Mo ti ra ankara yáàdì 6 tí télọ̀ mi fẹ́ fi rán kọ́sẹ́ẹ̀tì, mo tún ra gáàùn ṣífọ́ọ̀nù méjì ní bútíìkì. Ṣé mo ti ṣe tán àbí ó ku nǹkan? Mi ò fẹ́ tẹ́ lójú àwọn ẹ̀gbọ́n mi o. — Ọmọ Lágere, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mo bá ẹ̀gbọ́n ẹ yọ̀, ẹ̀mí á ṣọ̀pọ̀ ẹ̀. O ò ní tẹ́. Àmọ́ jọ̀ọ́, kó o tó ka èyí tó kù, pe télọ̀ yẹn lórí fóònù kó má tíì ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ yẹn. Ṣé o ti pè é? Ó dáa.

Inú aṣálẹ̀ ni Las Vegas wà, aṣálẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mojave, ní ìpínlẹ̀ Nevada. Lóṣù keje, digíríì 40 sí 41 ni ọ̀sán wọn sábà máa ń dé, ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 2024 ó gòkè dé 48.9, wọn ò rí irú ẹ̀ rí níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwa níbí nígbà yẹn, òjò là ń sá fún, ìwọ gan-an á ti máa wá súwẹ́tà láàárọ̀. Tó o bá fẹ́ mọ bó ṣe rí, rántí ọyẹ́, bó ṣe máa ń ya èèyàn létè, tí gìgísẹ̀ á là, tí aṣọ tó o sá láàárọ̀ á ti gan kó o tó ti ọjà dé. Ọyẹ́ yẹn náà ni, àmọ́ èyí gbé iná dání.

Níbi tó ti wá ń tan àwa ará ibí jẹ nìyí. Ní Ifẹ̀, tí ooru bá mú ẹ, òógùn á bò ẹ́, wàá mọ̀. Ní aṣálẹ̀, bí òógùn ṣe ń yọ ni afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, ara ẹ á gbẹ, wàá rò pé o ò làágùn rárá, bẹ́ẹ̀ omi ara ẹ ló ń lọ yẹn. Gbé ike omi dání kódà tí kò bá bá báàgì ẹ mu. Òógùn tó ń gbẹ yẹn náà ló ń tu ara lára o, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi hun aṣọ ni kó o kọ́kọ́ wò, kó o tó wo bóyá ó lápá tàbí kò lápá. Aṣọ tó bá dí ojú atẹ́gùn, bó o bá gé e dé itan, ooru ẹ̀ ò kúrò níbẹ̀.

Ìyẹn ló gbé wa dé orí ṣífọ́ọ̀nù ẹ. Mo mọ̀ pé ó fẹ́lẹ́, mo mọ̀ pé ó máa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú fótò, àmọ́ pọ́líẹ́sítà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìbátan ọ̀rá sì ni pọ́líẹ́sítà. O ti jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ inú ọ̀rá rí, o mọ bí omi ṣe máa ń dá sí i lára nígbà tó o bá tú u. Èmi náà ti di ọ̀lẹ̀lẹ̀ rí, mo wọ gáàùn kírépù tó ní láínìn lọ síbi ìgbéyàwó kan lóṣù kẹta tí oòrùn le, kí wọ́n tó gé kéèkì mo ti wọ ilé ìyàwó lọ tọrọ ìró.

Bàbá bàbá mi òṣómàáló ni, ẹ̀yin ará Ifẹ̀ máa mọ̀ wọ́n, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó máa ń kó aṣọ ká ìlú tà láwìn, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí tó fi máa sanwó. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń dán aṣọ wò nínú ilé. Fa fọ́nrán kan ṣoṣo jáde létí aṣọ, gbé e sórí àwo tánganran, ṣáná sí i. Tó bá jẹ́ òwú, á jó bíi pépà, òórùn pépà á máa jáde, eérú ẹ̀ á rọ̀ lẹ́búlẹ́bú. Tó bá jẹ́ pọ́líẹ́sítà, á ká kò, á yọ́, á di kóro dúdú kan tó le, òórùn ike ni wàá gbọ́. (Wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, èyí ni ká fi rídìí ẹ̀.) Bí wọn ò bá gbà ẹ́ láyè láti ṣáná nínú ìsọ̀ wọn, tí wọn ò sì ní gbà ẹ́ láyè lóòótọ́, ra díẹ̀ kó o lọ dán an wò nílé. Ankara náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o, ankara tó dáa òwú ni, àmọ́ pọ́líẹ́sítà tí wọ́n tẹ àwòrán ankara sí ti kún ọjà.

Tí ankara ẹ bá yege, kọ́sẹ́ẹ̀tì ló kù. Kọ́sẹ́ẹ̀tì dáa lóde ìgbéyàwó nínú gbọ̀ngàn tí AC ti ń ṣiṣẹ́, mi ò bá télọ̀ ẹ jà. Ṣùgbọ́n ronú nípa ohun tó wà nínú ẹ̀: ankara lókè, gọ́ọ̀mù sitéè tó ń mú aṣọ le láàárín, láínìn nísàlẹ̀, eegun ike yí ẹ káàkiri, síìpù lẹ́yìn. Aṣọ mẹ́ta lórí ara wọn, wọ́n tún wá fún un mọ́ ẹ láyà. O fẹ́ gbé ìyẹn rìn ní digíríì 41? Yáàdì 6 yẹn, ní kó fi 4 rán bùbú tó fẹ̀, ọrùn kó ṣí dáadáa, apá kó gbòòrò, kó là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì dé orúnkún, kò gbọ́dọ̀ fi láínìn kankan sí i. Ti ìdí tó o ní yẹn, kì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́. Fi aṣọ yẹn kan náà ṣe okùn ìgbànú pẹlẹbẹ, so ó lóge, má fún un, wàá rí i pé àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ ni kò ní mọ ohun tí wọ́n máa fi bùbú ṣe. Yáàdì 2 tó kù, fi ṣe ìró lásán. Ìró yẹn lo máa ró lé aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ síbi omi hòtẹ́ẹ̀lì, òun náà lo máa fi wọ síngílẹ́ẹ̀tì funfun láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ jẹun. Aṣọ kan, ọ̀nà mẹ́ta.

Wá fi àdìrẹ kún un, ó kéré tán méjì. Àdìrẹ tuntun máa ń gan nítorí sítáàṣì, fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta kó o tó rìnrìn àjò, kí sítáàṣì jáde kí atẹ́gùn lè gba inú ẹ̀, kí aró tó máa ṣí náà sì ṣí sínú báásìn ní Lágere dípò kó ṣí sára bẹ́ẹ̀dì olówó ńlá. Mo mọ ohun tó o fẹ́ bi mí: àdìrẹ aró dúdú, ṣé kò ní fa oòrùn? Tó bá fún mọ́ ẹ lára, á fà á dáadáa. Tó bá fẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti wádìí ẹ̀ rí lórí aṣọ dúdú tí àwọn Bedouin, àwọn darandaran inú aṣálẹ̀, máa ń wọ̀, wọ́n tẹ àbájáde ẹ̀ lọ́dún 1980 pé ooru tó ń dé ara ẹni tó wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ dúdú àti ti ẹni tó wọ funfun, ọgbọọgba ni, torí atẹ́gùn ń gba abẹ́ aṣọ náà kọjá.

Ti àwọ̀, níbi tí inú mi ti ń dùn nìyí. Gbogbo ìwé àṣà ló máa ní kó o wọ àwọ̀ yanrin lọ sí aṣálẹ̀. Má dá wọn lóhùn. Ilẹ̀ ibẹ̀ àwọ̀ yanrin ni, òkè ibẹ̀ pupa, ní Red Rock Canyon tó wà lẹ́yìn ìlú yẹn, òkúta ibẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ Ifẹ̀ gan-an, tó o bá wọ àwọ̀ ilẹ̀ dúró níwájú ẹ̀, fótò á gbé ẹ mì. Aró ni kó o wọ̀ síbẹ̀. Àwọ̀ ọsàn, funfun tó mọ́ gbòò, yẹ́lò bíi pupa ẹyin, gbogbo wọn ló máa ń gbé ara dúdú yọ, àwa ni wọ́n dá wọn fún.

Aṣọ òkè, fi sílẹ̀ nílé, àfi ìborùn kan ṣoṣo fún alẹ́ ọjọ́ ìbí. Torí inú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé tẹ́tẹ́ wọn, AC ni tọ̀sán-tòru, o máa ti inú ààrò bọ́ sínú fíríìjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí kò bá ní ìborùn nínú báàgì á gbọ̀n.

Bàtà: sáńdà aláwọ tí wọ́n rán, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, torí ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná débi pé ó lè bó èèyàn lẹ́sẹ̀, gọ́ọ̀mù ò níí pẹ́ tú. Òpópó ńlá tí wọ́n ń pè ní Strip gùn tó kìlómítà 6.8, hòtẹ́ẹ̀lì tó o rò pé ó wà nítòsí, títóbi ẹ̀ ló ń tàn ẹ́. Àmì ìkíni-káàbọ̀ tí gbogbo ayé ń lọ ya fótò nídìí ẹ̀, èyí tí wọ́n gbé sójú títì lọ́dún 1959, ojú oòrùn gbalaja ni wọ́n ti ń tò síbẹ̀, torí náà ẹ tètè jí lọ.

Tó o bá fẹ́ fi nǹkan sọ́rùn, wúrà àti fàdákà máa ń gbóná mọ́ èèyàn lára lójú oòrùn yẹn. Ọmọ Ifẹ̀ ni ẹ́, ìlú tí wọ́n ti yọ́ gíláàsì ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní Igbó Olókun láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, kí lo fẹ́ fi wúrà ṣe? So ìlẹ̀kẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ṣé òótọ́ ni pé àwa dúdú ò nílò sunscreen, ìpara tí wọ́n fi ń dènà oòrùn? — Ìyàwó Ìsọ̀kùn, Iléṣà

ÌDÁHÙN: Irọ́ ni. Dúdú wa ń gbà wá díẹ̀, kò gbà wá tán, ojú tí oòrùn bá sì jó, ó máa ń ṣẹ́ àbàwọ́n tó máa pẹ́ kó tó lọ. Ra èyí tí wọ́n kọ SPF 30 sókè sí lára ike ẹ̀, kó o tún un fi ní wákàtí méjì-méjì. Yan aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí èyí tó dà bí omi, torí àwọn kan á fi ẹ́ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹfun para. Òrí dáa fún ètè àti gìgísẹ̀ lálẹ́, kò lè dúró fún sunscreen. Ẹni tó ń bóra tó tún fẹ́ lọ sí aṣálẹ̀, mi ò ní ohun tí mo fẹ́ sọ fún un ju pé kó jókòó sílé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o, ọmọ mi. Àwọn ọmọ mi fẹ́ gbé mi lọ sinmi ní Dubai lóṣù kẹjọ. Ẹni ọdún 61 ni mí, mi ò lè wọ ìwọ̀kuwọ̀. — Ìyá Ìbejì, Ọjà Àtakúmọ̀sà

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà mà, ẹ kú ọmọ. Aṣálẹ̀ ni Dubai náà, àmọ́ etí òkun ló wà, ooru ẹ̀ ò jọ ti Las Vegas rárá. Lóṣù kẹjọ digíríì ẹ̀ ń kọjá 40, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á tún wá gùn ún, bí ìgbà téèyàn bẹrí sórí ìkòkò iṣu tó ń hó ni. Òógùn ò ní gbẹ níbẹ̀ mà, ẹ kó bùbá òwú tó fẹ́lẹ́ dání, méjì-méjì lóòjọ́. Ìró àti bùbá yín ló bá ibẹ̀ mu jù, torí wọ́n fẹ́ kéèyàn bo èjìká àti orúnkún nínú àwọn ilé ìtajà ńláńlá wọn. Tí wọ́n bá gbé yín dé mọ́ṣáláṣí Sheikh Zayed ní Abu Dhabi, ẹ máa bo irun, apá dé ọrùn ọwọ́, ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀, lésì tó ń fi ara hàn ò lè wọlé, torí náà ẹ má gbé e lọ. Ìjọba ibẹ̀ gan-an kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ lójú oòrùn láàárín aago 12:30 sí 3:00 ọ̀sán láti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà dé ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án, tí àwọn ọmọ bá ní ẹ bọ́ síta lásìkò yẹn wá ya fótò, ẹ ní èmi ni mo ní kẹ́ ẹ máa sùn.

ÌBÉÈRÈ: Phoenix ni mò ń lọ, wíìgì ni àbí irun dídì? — Akẹ́kọ̀ọ́ OAU

ÌDÁHÙN: Phoenix, ìlú inú aṣálẹ̀ ní Arizona l'Amẹ́ríkà! Lọ́dún 2023, ọjọ́ 31 léra wọn ni wọ́n fi rí digíríì 43 sókè níbẹ̀. Gbàgbé wíìgì. Di irun, àmọ́ má di ṣùkú, torí akẹtẹ̀ ò ní jókòó lórí ẹ̀, kòlẹ́sẹ̀ ni kó o dì, ó máa tẹ́ sórí, akẹtẹ̀ á wọlé wẹ́rẹ́. Ojú ọ̀nà irun yẹn náà, oòrùn máa ń jó o, fi sunscreen olómi tẹ̀ ẹ́. Koríko akẹtẹ̀ á máa fa òróró irun mu, ní kí wọ́n rán sátìn sínú ẹ̀. Tó o bá fẹ́ kí n bá ẹ rán an, mú un wá kó tó di Ọjọ́bọ̀, aṣọ ẹbí èèyàn 70 wà nílẹ̀ fún mi lópin ọ̀sẹ̀.