Ọ́fíìsì lókè ilé gíga ní Dùgbẹ̀: lífìtì nìkan kọ́ ni kí ẹ wò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá lífìtì ilé gíga tí ẹ fẹ́ gba ọ́fíìsì sí, ní àjà kẹrìnlá ní Dùgbẹ̀, ṣeé fọkàn tán. Ẹ má bi ejẹ́ǹtì, “ó ń ṣiṣẹ́” ni gbogbo wọn ń sọ. Ẹ lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè ní aago 8, kí ẹ ní kí wọ́n pa iná lójú yín. Èyí tó bá ní bátìrì ìdóòlà á rọra lọ sí àjà tó sún mọ́ ọn, á sì ṣílẹ̀kùn. Bí kò bá ní, inú rẹ̀ lẹ ó wà títí jẹnẹrétọ̀ á fi gbé e.

Omi gan-an ni ìyà. Mítà 10 tí omi bá gòkè, bar 1 (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára omi) ti lọ nínú agbára pọ́ǹpù. Àjà kẹrìnlá tó nǹkan bíi mítà 45, bar 4.5 ti lọ nìyẹn, ẹ ó sì tún nílò 1 tàbí 2 kí omi tó dà dáadáa. Pọ́ǹpù kékeré tí ilé alájà méjì ń lò kì í sábà gbé e débẹ̀ dáadáa. Bí táńkì bá wà lórí òrùlé, omi á máa sun tín-ín-tín fún àwọn àjà tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, ti ìsàlẹ̀ á sì lágbára débi pé á já oríkèé páìpù, àfi tí wọ́n bá fi fáàfù tó ń dín agbára omi kù sí i. Bí dísù jẹnẹrétọ̀ bá tán, pọ́ǹpù dúró, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò ṣeé wọ̀ mọ́. Owó sáfíìsì ṣáàjì, ìyẹn owó ìtọ́jú ilé tí ayálégbé ń san, ò ní tìtorí ìyẹn dín! Ẹ gba àkọsílẹ̀ ìnáwó ọdún 2 sẹ́yìn: lítà dísù mélòó, wákàtí mélòó lójúmọ́, aago mélòó ni wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Ilé Kòkó, àwòṣífìlà alájà 26 tí wọ́n parí lọ́dún 1965, iná jó o ní January 1985, ó di 1992 kí wọ́n tó tún un ṣí. Àkàbà ọkọ̀ panápaná kì í sábà kọjá mítà 30, kò lè dé ọ̀dọ̀ yín. Àtẹ̀gùn ló kù. Ẹ fẹsẹ̀ yín sọ̀ ọ́ láti òkè délẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa pa ara rẹ̀ dé. Ibi tí wọ́n bá ti fi òkúta há a kó má baà padé, èéfín á ti kún àtẹ̀gùn kí ẹ tó dé àjà kẹwàá. Bí ẹ bá rí àgádágodo lára ilẹ̀kùn náà, ẹ má gba ibẹ̀, ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ má wo ìwé àṣẹ tí wọ́n fi kọ́ ògiri, àwọn mìíràn tó ń buwọ́ lù ú kì í gòkè kọjá àjà kẹta, ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n sì fi ń ṣeré. Páìpù tí àwọn panápaná ń gbà fa omi sókè ilé, ẹ wo ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ níta, olè máa ń tú idẹ ibẹ̀ lọ.

Yàrá náà, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n fúnra yín, torí wọ́n ń ka ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ ọn.

Bí àjà kẹrin bá ṣófo nínú ilé kan náà, òun ni kí ẹ gbà.